Fájuyì: Ọmọ Adó-Èkìtì tó wọṣẹ́ ológun kó tó pé ọmọ ọdún 18

Ní Oxon Hill níbí, sójà kì í ṣe àjèjì. Inú Prince George's County kan náà pẹ̀lú wa ni Joint Base Andrews wà. Bí a bá sì gba orí afárá Woodrow Wilson sọdá odò Potomac, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé Pentagon. Bí ìparí iléèwé gíga bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń wò: yunifásítì, iṣẹ́ oṣù, tàbí iṣẹ́ ológun. Nínú ilé Yorùbá, ẹ̀kẹta yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan gbé fọ́ọ̀mù wálé kí àwọn òbí rẹ̀ lè buwọ́ lù ú, nítorí pé ọmọ ọdún 17 ni. Màmá rẹ̀ ò fọwọ́ kan bírò. Wọ́n ní àwọn ò tìtorí ogun gbé ọmọ wá sí Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ò sọ púpọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n dá: Fájuyì. Ọ̀rẹ́ wa ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ ni àwa náà mọ̀ ọ́n sí. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó ti ìtàn ọkùnrin yìí.

Adó-Èkìtì ni ìlú Francis Adékúnlé Fájuyì. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí i, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Nàìjíríà. Láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá mọ̀wé díẹ̀ lè ṣe tíṣà, ó sì lè ṣe akọ̀wé. Fájuyì ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní 1943, ó fi gègé sílẹ̀, ó lọ wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Royal West African Frontier Force.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: kò tíì pé ọmọ ọdún 18 lọ́dún náà. Ogun Àgbáyé Kejì sì ń gbóná lọ́wọ́. Ọdún 1943 yẹn gan-an ni wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà jọ sínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 tí wọ́n lọ jà ní Burma. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá wọṣẹ́ sójà nígbà náà ní ìdí tí kò fi ní rí oorun sùn.

Kò wọlé bí ọ̀gá. Lára àwọn sójà kéékèèké ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di sájẹ́ǹtì. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ìfiránṣẹ́ ló wà. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ọ̀rọ̀ ń lọ láàárín àwọn ọ̀gágun àti àwọn tó wà lójú ìjà, nípasẹ̀ wáyà àti rédíò. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣìnà lójú ogun, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ní 1951, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn sójà inú ẹ̀ka rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn, Fájuyì sì wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí i kó má baà di rògbòdìyàn ńlá. A jiyàn lórí ibí yìí láàárín ara wa. Àwọn kan nínú wa ní àwọn tí oúnjẹ ò tó ni ó yẹ kó gbè lẹ́yìn. Àwọn yòókù ní sójà tó bá ṣọ̀tẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè rí ẹ̀wọ̀n he tàbí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, ẹni tó bá pa iná náà gba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là. A ò tíì parí àríyànjiyàn náà.

Oṣù keje ọdún 1954 ni wọ́n rán an lọ sí Eaton Hall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ológun. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, ó ti di ọ̀gá. Ọdún 11 gbáko ló wà láàárín ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ sójà àti ọjọ́ tó di ọ̀gá. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá ológun Nàìjíríà nígbà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín wọn kéré níye.

Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Lọ́dún kan náà, Kóńgò gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú dàrú. Agbègbè Katanga tí kùsà pọ̀ sí ní àwọn ń ya lọ, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì bẹ àwọn orílẹ̀-èdè kí wọ́n rán sójà wá. Nàìjíríà wà lára àwọn tó dá wọn lóhùn. Fájuyì, tó ti di Mejọ̀, ló ṣáájú ọ̀wọ́ kan nínú bàtálíọ̀nù kẹrin. Ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lọ́nà. Fájuyì ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ yọ nínú ewu náà. Wọ́n fi Military Cross dá a lọ́lá ní 1961, àmì ẹ̀yẹ tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún ológun tó bá ṣe akin lójú ìjà.

Nígbà tó ti Kóńgò dé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí bàtálíọ̀nù kìn-ín-ní ní Enugu. Díẹ̀ ló kù kí ìfipágbàjọba oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 wáyé ni wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Nínú ìfipágbàjọba yẹn, wọ́n pa olórí ìjọba, Tafawa Balewa, pẹ̀lú Ahmadu Bello tó ń ṣàkóso Àríwá àti Ládòkè Akíntọ́lá tó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi gba ìjọba, ó sì fi Fájuyì ṣe gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé tó ń jó ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìbò 1965, àwọn èèyàn ti ń wọ́n epo sára ẹni àti ilé, wọ́n ń dáná sun ún, èyí tí wọ́n ń pè ní Wẹ́tìẹ̀.

Oṣù mẹ́fà péré ló lò lórí oyè. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, Ironsi wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti bá àwọn ọba ṣèpàdé. Fájuyì ló gbà á lálejò. Lóru, àwọn sójà tí Mejọ̀ Theophilus Danjuma ṣáájú wọn yí ilé ìjọba ká. Wọ́n ń gbẹ̀san ìfipágbàjọba oṣù kìn-ín-ní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú àlejò àti onílé, wọ́n kó wọn gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Lálúpọn, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà sọ ìtàn yìí. Èyí tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn jù ni pé àwọn sójà náà ò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú Fájuyì, òun ló kọ̀ pé wọn ò lè mú àlejò òun lọ kí òun sì wà láàyè. Àwọn mìíràn ní wọ́n fura pé ó mọ̀ nípa ìfipágbàjọba àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n ń wá òun náà. Èyí ó wù kó jẹ́, ó kú pẹ̀lú ẹni tó sùn sílé rẹ̀. Yorùbá máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń rántí Fájuyì bí wọ́n bá ti pa òwe náà. Ọmọ ogójì ọdún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan tó pé e ni.

Ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 kí ìjọba tó kéde ikú wọn. Adó-Èkìtì ni wọ́n sin ín sí. Lónìí, bárékè ńlá tó wà ní Odogbo ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí a parí ìtàn yìí ló yé wa ìdí tí ọ̀rọ̀ sójà fi ń ba àwọn òbí wa lẹ́rù. Bí àwa bá gbọ́ sójà, owó ilé ẹ̀kọ́ àti aṣọ tó gún régé là ń rí. Àwọn ń rí òru ọjọ́ kan ní Ìbàdàn àti ogun tó tẹ̀ lé e. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe àìmọ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń lọ bá. Ọmọ ọdún 17 ò lè wọlé láìsí ìbuwọ́lù òbí, ẹni ọdún 18 lè dá buwọ́ lù ú. Ìdánwò ASVAB wà, bí ẹ bá sì ṣe ṣe é dáadáa tó ló máa pinnu irú iṣẹ́ tí wọ́n lè fún yín. Àdéhùn àkọ́kọ́ ọdún mẹ́jọ ni lápapọ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ ní lo gbogbo rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìlérí tí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹni tó ní green card lè wọṣẹ́ sójà, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó di ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n sì sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀gá lè wo ROTC ní yunifásítì, tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà ní Annapolis, ní Maryland wa níbí. Ọdún 11 ni Fájuyì fi rin ọ̀nà yẹn.

A ka ìtàn yìí fún ọ̀rẹ́ wa. Ó sì kà á fún bàbá rẹ̀. Bàbá bi í léèrè kan: bí wọ́n bá kó àwọn èèyàn sábẹ́ rẹ lọ́jọ́ kan, ṣé o máa lè dúró tì wọ́n? Ó ní òun ò tíì mọ̀. Bàbá ní ìdáhùn yẹn dára ju bẹ́ẹ̀ ni lọ. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì. Màmá ò tíì buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n wọn ò jù ú nù mọ́.