Wangari Maathai, obìnrin tí wọ́n fi sọ ẹ̀bùn olùtọ́jú igbó

Lọ́dún 2022, Cécile Ndjebet, ọmọ Kamẹrúùnù, gba ẹ̀bùn Wangari Maathai tí wọ́n ń fún àwọn tó bá tọ́jú igbó dáadáa lágbàáyé. Ta wá ni Wangari?

Ìdílé àgbẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní Nyeri, ilẹ̀ Kẹ́ńyà, lọ́dún 1940. Ó kàwé gan-an, ó di olùkọ́ yunifásítì. Ohun tó ká a lára ni pé àwọn obìnrin abúlé kò rí igi dáná mọ́, odò sì ń gbẹ. Lọ́dún 1977, ó dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀. Àwọn obìnrin ń gbin igi, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ lórí èyí tó bá yè. Ẹ̀yin ará Bassila àti Manigri tẹ́ ẹ ń wá igi ìdáná àti èédú, ẹ gbọ́ o: kì í ṣe lórí èyí tí wọ́n gbìn, lórí èyí tó yè ni. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n rẹ̀ wà, lójú tiwa. Igi tí wọ́n gbìn lé ní mílíọ̀nù 30.

Ní oṣù kìíní ọdún 1999, ó lọ gbin igi sínú igbó Karura ní Nairobi, tí wọ́n fẹ́ gé kọ́lé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lù ú, wọ́n fọ́ ọ lórí. Ẹ̀jẹ̀ orí náà ló fi buwọ́ lùwé ẹ̀sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Igbó Karura ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel, lọ́dún 2004. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2011. Ó ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má gé igi ṣe pósí òun. Ọparun àti koríko etí omi ni wọ́n fi hun ún.