Harriet Tubman: Obìnrin tó ní wárápá, tó sì kó ẹrú bíi 70 dé ilẹ̀ òmìnira

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Harriet Tubman sí ní Maryland, Amẹ́ríkà, ní nǹkan bíi ọdún 1822.

Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, alábòójútó kan ju irin ìwọ̀n mọ́ ẹrú tó ń sá lọ. Orí Harriet ni irin náà bà.

Láti ìgbà náà ló ti máa ń ṣàdédé sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè jí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé wárápá ni.

Lọ́dún 1849, ó sá lọ sí Philadelphia. Síbẹ̀, bíi ìgbà 13 ló padà lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ àtàwọn mìíràn. Bí àìsàn náà bá gbé e lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró kó jí, wọ́n á sì tẹ̀síwájú.

Lọ́dún 1863, ó wà lára àwọn tó ṣáájú ọmọ ogun lọ sí odò Combahee, níbi tí ẹrú tó lé ní 700 ti gba òmìnira.

Ó kú lọ́dún 1913. Ọdún kan péré ṣáájú ni Alfred Hauptmann, dókítà ará Jámánì, kéde pé oògùn phenobarbital ń dẹ́kun wárápá.

Oògùn yìí ṣì wà títí dòní, kò sì wọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní tí àwọn tó ní wárápá bá ń lo oògùn tó yẹ, ó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí kò ní gbé ṣánlẹ̀ mọ́.