Isaac Babalọlá Thomas, Olóòtú Akéde Èkó

Ọdún 1888 ni wọ́n bí Isaac Babalọlá Thomas. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe kí ó tó di oníwèé-ìròyìn, tí ó sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Láti oṣù Keje 1929 di oṣù Kẹta 1930, lẹ́tà obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá, ń jáde níbẹ̀: aláìsàn tí ó ń jẹ́wọ́ ìwà ìgbà èwe rẹ̀. Òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Àwọn kan kọ̀wé bá a kẹ́dùn. Thomas gan-an ni òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́. Ìbòjú yìí mú ìtàn náà dùn, àmọ́ ó dín iyì tí ó tọ́ sí i kù. Orúkọ Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó nítòsí Oǹdó, ni ó yá lẹ́nu jù, bẹ́ẹ̀ ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Ọdún 1963 ni àwọn méjèèjì kú.