Allan Kardec: Olùkọ́ tí Ó Kọ Ọ̀rọ̀ Ará Ọ̀run Sílẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ohun tuntun pé kí òkú bá alààyè sọ̀rọ̀. Bí egúngún bá jáde, ohùn ará ọ̀run ni a gbà pé ó ń fọ̀. Bí ẹbí bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun ńlá, wọn a lọ sí ojú oórì baba wọn, wọn a da obì láti mọ ohun tí ó wí. Ṣùgbọ́n pé kí òkú kọ ìwé tí a ó tẹ̀, tí a ó tà, tí ọmọ ọmọ ẹni tí ó rà á yóò sì máa kà fún ìtùnú, èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ará Faransé kan tí à ń pè ní Allan Kardec ni ó sọ ọ́ di ohun tí ayé gbọ́.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Hippolyte Léon Denizard Rivail ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ìlú Lyon ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1804. Ní kékeré, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Pestalozzi ní Yverdon, ní Swítsàlandì, níbi tí wọ́n ti gbà pé kí ọmọ fojú ara rẹ̀ wo nǹkan, kí ó sì béèrè, sàn ju kí a máa nà án lọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olùkọ́ ní Paris, ó kọ ìwé ìṣirò àti ìwé gírámà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní ọdún 1832, ó gbé Amélie Boudet níyàwó, olùkọ́ bíi tirẹ̀.

Ní ọdún 1848, ní Hydesville, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ New York, ìró kíkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé àwọn Fox, àwọn ọmọbìnrin ilé náà sì ní òkú ni ó ń dá àwọn lóhùn. Ìròyìn yìí ràn dé ilẹ̀ Faransé bí iná ìgbẹ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará Paris fi ń jókòó yí tábìlì ká lálaalẹ́, tí wọ́n ń retí kí ó mira. Rivail kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Lójú rẹ̀, tábìlì kò ní ọpọlọ tí yóò fi ronú. Ọdún 1855 ni ó tó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní ilé àwọn Baudin, àwọn ọmọbìnrin méjì a máa fọwọ́ lé agbọ̀n kékeré tí a so pẹ́ńsùlù mọ́, agbọ̀n náà a sì máa kọ̀wé. Rivail kò béèrè ibi tí owó tó sọnù wà. Ó béèrè bí olùkọ́: kí ni Ọlọ́run, níbo ni ọkàn ti wá, èéṣe tí ìyà fi ń jẹ ènìyàn? Ó to àwọn ìdáhùn jọ, ó fi wọ́n wé ti àwọn abókùúsọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì pín wọn sí orí-orí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1857, ìwé náà jáde pẹ̀lú ìbéèrè 501. Nígbà tí ó tún un tẹ̀ ní 1860, wọ́n ti di 1,019. Orúkọ tí wọ́n sọ fún un pé òun jẹ́ nígbà tí òun kọ́kọ́ wá sáyé ni ó fi sí ara rẹ̀. Èyí kò ní ṣòro fún àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé láti lóye. Ṣùgbọ́n àtúnwá tirẹ̀ kì í ṣe sí ìdílé kan náà. Ó ní ọkàn ń padà wá síbikíbi láti kẹ́kọ̀ọ́, títí yóò fi pé.

Àwọn kan kórìíra ìwé wọ̀nyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1861, wọ́n dáná sun 300 ìwé ẹ̀kọ́ náà ní gbangba ní Barcelona, ní Spéìn, nípa àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà. Iná kò pa á. Kardec kú lójijì ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1869. Ibojì rẹ̀ ní itẹ́ Père Lachaise ní Paris kì í wọ́n òdòdó.

Ilẹ̀ Bràsíl ni ìwé rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1884. Òfin 1890 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ náà ń bọ́ tálákà, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Chico Xavier, tí ó gbé ayé láti 1910 sí 2002, kọ ìwé tí ó ju 400 lọ tí ó ní àwọn òkú ni ó kọ wọ́n, ó sì fi owó wọn ṣe àánú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí á bò mọ́lẹ̀. Ìwé Kardec lòdì sí ẹrú ṣíṣe, nígbà tí Bràsíl kò tí ì dá ẹrú sílẹ̀ títí di 1888. Síbẹ̀, ní ọdún 1862, òun kan náà kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé ọkàn tí ó wà lára ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ sí ti àwọn Òyìnbó. Èyí kò jọ ọ̀rọ̀ ọ̀run rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó ìgbà ayé rẹ̀ ni. Àwọn oníUmbanda ní Bràsíl a máa sọ ọ́ pé ní 1908, ní Niterói, wọ́n lé ẹ̀mí àwọn ẹrú àtijọ́ kúrò nídìí tábìlì pé wọn kò lajú, èyí ni ó sì bí ẹ̀sìn àwọn, níbi tí àgbà aláwọ̀ dúdú ti ń jókòó, tí ó ń fun páìpù, tí ó sì ń gba ọmọlẹ́yìn nímọ̀ràn. Ní Kúbà bákan náà, ọ̀pọ̀ àwọn olórìṣà a máa gbé ife omi àti òdòdó kalẹ̀, wọn a gbàdúrà láti inú ìwé Kardec, wọn a sì ké sí òkú ilẹ̀ Áfíríkà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Fox jẹ́wọ́ ní 1888 pé oríkèé ọmọ ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń ṣe ìró náà. Ní ọdún kejì, ó ní irọ́ ni òun pa. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ yóò gbàgbọ́, ẹni tí kò bá gbà kò ní gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé lé wa lọ́wọ́ pé láti ọ̀run ni ó ti wá, ẹ jẹ́ kí á ṣe bí olùkọ́ ará Lyon náà ti ṣe nígbà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀: kí á béèrè, kí á fi wé òmíràn. Kí á sì fi kún un èyí tí òun gbàgbé: kí á wò ó bóyá ẹnu ọ̀run ni ó ń sọ̀rọ̀, tàbí ẹnu ẹni tí ó di pẹ́ńsùlù mú.