Ta ni Sylvanus Olympio, ààrẹ Togo tí wọ́n bí sí ibi tó di Ghana, tí wọ́n sì sin sí Benin?

Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà tàbí Sango, kò sí bí kò ṣe ní mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààlà. Ìdírókò ni títì tó gba Òwódé àti Àjílété kọjá parí sí. Téèyàn bá tún rìn díẹ̀ sí i, ó ti wọ ilẹ̀ Benin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa, ọkọ̀ akẹ́rù tò sójú títì, ọjà tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí òdìkejì kò ríbi gbà, ẹni tó ní ẹbí ní Ṣakété, Pobè tàbí Kétu sì mọ bó ṣe rí lára. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ti Ìdírókò padà.

Ọ̀rọ̀ ààlà yìí ló mú wa rántí Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Togo. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jà kí ẹ̀yà kan tí òyìnbó pín lè tún di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń ṣọ́ ààlà náà.

Ọmọ oníṣòwò etí òkun

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1902 ni wọ́n bí Olympio ní ìlú Kpandu. Nígbà yẹn, àwọn Jámánì ló ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ Togo, ìjọba kan náà ló wà lórí Kpandu àti Lomé.

Ìdílé àgùdà ni ìdílé rẹ̀, irú àwọn tí Èkó náà mọ̀ dáadáa, tí àwọn baba wọn ti Brazil dé. Agoué, tó wà ní etí òkun Benin òde òní, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó tàn ká Togo. Òwò ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì rí jẹ.

Olympio lọ sí ilé ìwé àwọn Jámánì ní Lomé, ó sì kàwé nípa ètò ọrọ̀ ajé ní London School of Economics. Bó ṣe parí, iléeṣẹ́ Lever Brothers, tó di Unilever, gbà á síṣẹ́. Nàìjíríà níbí ló ti kọ́kọ́ ṣe é, kó tó lọ sí Gold Coast tó di Ghana. Kí ọdún 1930 tó dé, òun ni wọ́n ti fi ṣe ọ̀gá ní Togo. Iléeṣẹ́ UAC tí àwọn àgbà wa mọ̀ bí ẹni mowó, òun ló ń bójú tó ti Togo.

Bí wọ́n ṣe pín ilé kan sí méjì

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Togo láti Gold Coast, ti Faransé wọ̀ ọ́ láti Dahomey. Kí oṣù náà tó parí, àwọn Jámánì ti túúbá. Ọdún 1919 ni àwọn méjèèjì jókòó pín in. Faransé mú apá tó pọ̀ jù, pẹ̀lú Lomé. Gẹ̀ẹ́sì mú apá ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Gold Coast. Ho, Hohoe àti Kpandu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìlú tí wọ́n bí Olympio sí ṣe di ìlú òkèèrè nìyẹn.

Ẹ̀yà Ewe, tí ilẹ̀ wọn nà láti odò Volta títí dé odò Mono, ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ẹnì kan lè sùn ní ìhà kan kí oko kòkó rẹ̀ wà ní ìhà kejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àbúrò ń kọ́ Faransé. Owó tí wọ́n ń ná yàtọ̀, aṣọ́bodè wà láàárín, fàyàwọ́ sì di iṣẹ́. Lomé fúnra rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ààlà débi pé téèyàn bá jáde nínú ìgboro, Aflao ti Ghana ló bọ́ sí.

Tí a bá ń sọ nípa ẹ̀yà tí wọ́n pín sí méjì, Kòríà ló sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ló fa ìlà gba àárín rẹ̀ ní 1945, ogun tẹ̀ lé e láti 1950 sí 1953, Kòríà Gúúsù di ọlọ́rọ̀ tó ń ṣe Hyundai àti Samsung, Kòríà Àríwá sì wà nínú àìní títí dòní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ewe jọ ọ́, àmọ́ kò mú irú ariwo bẹ́ẹ̀ dání. Bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò: irú ìlà bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, tó fi Kétu àti Ṣakété sí ìhà kan, tó fi Ọ̀tà àti Ìlaròó sí ìhà kejì.

Ó gbé ẹjọ́ dé New York

Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn Faransé tó wà lábẹ́ ìjọba Vichy kò fọkàn tán Olympio nítorí iṣẹ́ tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Wọ́n mú un ní 1942, wọ́n gbé e lọ sí Djougou ní òkè Dahomey, wọ́n ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ìyà yẹn wà lára ohun tó sọ oníṣòwò di olóṣèlú.

Lẹ́yìn ogun, ó di olórí ilé ìgbìmọ̀ ní Togo. Ní 1947, ó gbéra lọ sí New York, ó dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá àwọn Ewe padà sí abẹ́ òrùlé kan. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n rán àwọn aṣojú wá wò ó, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò fẹ́ jọ̀wọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni wọ́n dìbò ní apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn fẹ́ darapọ̀ mọ́ Gold Coast. Ní agbègbè Ho àti Kpandu, èyí tó pọ̀ jù ni kò fẹ́ ẹ, àmọ́ ìbò àwọn ará òkè borí tiwọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Gold Coast gba òmìnira, ó di Ghana, Kpandu sì bá a lọ.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ rẹ̀

Ẹgbẹ́ Olympio wọlé ìbò oṣù kẹrin ọdún 1958 ní apá ti Faransé. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, Togo gba òmìnira. Ó di ààrẹ ní 1961.

Kwame Nkrumah ti Ghana ní ọ̀rọ̀ ti rọrùn wàyí, kí Togo kàn wá di ìpínlẹ̀ kan lára Ghana, kí àwọn Ewe lè wà pọ̀. Olympio kọ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀yà rẹ̀ di ọ̀kan, àmọ́ kò fẹ́ kí Togo di ẹrù ẹlòmíì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ghana ti ẹnubodè pa, àwọn ìyálọ́jà Lomé ló sì jìyà rẹ̀. Ìlà tí òyìnbó fà, ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló wá ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nílé, Olympio mọ owó ṣọ́. Ó ń wá bí Togo yóò ṣe máa fi owó ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀, fọ́síféètì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ fún ajílẹ̀ sì jẹ́ ìrètí ńlá. Ó tún ń palẹ̀ mọ́ kí Togo ní owó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fàyè gba alátakò. Ó ti àwọn kan mọ́lé, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú tó kù.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́jà ló pa á. Nǹkan bí 250 ni ọmọ ogun Togo, kò sì fẹ́ fi kún un. Àwọn tó bá Faransé jagun tí wọ́n darí wálé bẹ̀ ẹ́ kó gba àwọn síṣẹ́, ó ní kò sówó. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963, wọ́n ya wọ ilé rẹ̀. Ó fo ògiri sí ọgbà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́nu géètì. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Tafawa Balewa nílẹ̀ wa níbí.

Agoué, ìlú àwọn baba rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí, ní Benin. Ilẹ̀ tó ti wáyé di ti Ghana, Togo ló ti ṣèjọba, Benin ló sùn sí. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìrìn àjò ọjọ́ kan nínú mọ́tò lọ.

Ọdún 1975 ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, kí èèyàn àti ọjà lè máa kọjá láìsí wàhálà. Lórí ìwé, ohun tí Olympio bẹ̀bẹ̀ fún ní New York ti fẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ akẹ́rù èyíkéyìí tó kó ẹrù kúrò ní Sango, yóò sọ iye ibi tí wọ́n ti dá a dúró kó tó dé Lomé.