Thomas Hunter àti eyín àwọn ọmọ New Zealand

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin New Zealand ló jáde láti wọṣẹ́ ológun. Wọ́n ní kí wọ́n la ẹnu. Eyín tí kòkòrò ti jẹ ló kún ẹnu wọn, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú wọn padà sílé. Àwọn tó dé Gallipoli lọ́dún 1915 tún rí i pé bisikíìtì ológun le bí òkúta, ó ń kán èyí tó kù lẹ́nu wọn.

Thomas Anthony Hunter ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka ológun tó ń tọ́jú eyín lọ́dún 1915. Dunedin ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1863. Ilé ẹ̀kọ́ eyín kò tíì sí nílẹ̀ náà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ti kọ́ ọ. Eyín àwọn ológun náà ti ń bàjẹ́ láti kékeré, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó.

Ìjọba dá ẹ̀ka ìtọ́jú eyín sílẹ̀ lọ́dún 1920, wọ́n sì fi Hunter ṣe olórí. Ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ náà? Dókítà eyín kò tó, owó wọn sì pọ̀. Hunter ní kí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin fún ọdún méjì, kí wọ́n máa dí ihò eyín ọmọdé, kí wọ́n sì máa yọ eyín tó ti bàjẹ́, nínú ọgbà ilé-ìwé gan-an. Àwọn dókítà eyín kan fárí gá. Wọ́n ní ọdún méjì kò tó.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìtumọ̀, ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún àwọn obìnrin náà: nọ́ọ̀sì eyín ilé-ìwé. Lójú tèmi, orúkọ yìí bá Hunter ja ìdajì ìjà náà. Nọ́ọ̀sì kì í bá dókítà du àyè.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Wellington lọ́dún 1921. Ẹsẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì náà fi ń tẹ ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò eyín, bí ẹni ń tẹ maṣín-ìn ìránṣọ, nítorí náà ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìrora rẹ̀ sì ń pẹ́. Àwọn ọmọdé náà fún ibẹ̀ lórúkọ tiwọn: ilé ìpànìyàn. (Èmi náà ìbá pè é bẹ́ẹ̀.) Síbẹ̀, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó dókítà rí ẹni tọ́jú eyín rẹ̀.

Hunter fẹ̀yìntì lọ́dún 1930. Lọ́dún 1940, tí ogun kejì ti ń jà, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ńlá fún àwọn nọ́ọ̀sì eyín ní òpópónà Willis, Wellington. Lọ́dún 1949, Penang ní Malaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú wọn. Hunter ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún 1958 ló kú, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.