Aláàfin Abípa, Ọba Mọ́rọ̀

Láyé Aláàfin Onígbogí, àwọn Tápà ṣígun sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ìlú tú, ààfin di ahoro. Ìgbòho ni àwọn ọba wá fi ṣe ibùjókòó.

Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, Abípa jọba, ó sì fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ìtàn sọ pé wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ ṣe bí ọ̀rọ̀, èyí ni iwin, nínú ahoro náà. Ìránṣẹ́ ọba gbọ́ igbe wọn lóru, ẹ̀rù bà wọ́n.

Abípa kò mì. Ó rán ọdẹ mẹ́fà lọ. Wọ́n mú gbogbo ayédèrú iwin náà wá. Ọba kó ará ìlú padà sílé. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wádìí ohun tó bá ń dẹ́rù bà yín.